Ọmọ Nàìjíríà tó gba ìwé ìlú Amẹ́ríkà ṣì lè ra ilẹ̀ l'Ékòó

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun méjì ni ẹ béèrè: bóyá òfin Nàìjíríà yóò kà yín sí àjèjì bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, àti bóyá ẹ lè kọ orúkọ ìyàwó yín, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, mọ́ tiyín.

Ní tiyín, ẹ fọkàn balẹ̀. Abala 28 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí kì í pàdánù ipò náà nítorí pé ó gba ìwé ìlú mìíràn, abala 43 sì fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi lórílẹ̀-èdè wa. Orúkọ tó wà nínú páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín gan-an ni kí ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ sínú ìwé, kí ẹ má fi ti Amẹ́ríkà ra ilẹ̀.

Ti ìyàwó yín ni kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 1971 kò jẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà láìjẹ́ pé Gómìnà fọwọ́ sí i, iye ọdún tó sì lè lò ó kò gbọ́dọ̀ ju 25 lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ka ọdún ìsọdọ̀tun mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi orúkọ yín nìkan ra ilẹ̀ náà báyìí. Ọ̀nà wà tí ìyàwó yín fi lè di ọmọ Nàìjíríà tó bá yá: abala 26 nínú ìwé òfin náà gba obìnrin tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láàyè láti forúkọ sílẹ̀ kí ó di ọmọ ilẹ̀ wa, bó bá ní ìwà rere, tó fi hàn pé òun fẹ́ fi ibí ṣe ibùgbé, tó sì búra. Ó dùn mí pé ìwé òfin kò fún ọkọ àjèjì tí ọmọbìnrin wa fẹ́ ní àǹfààní kan náà. Àwọn ọmọ yín kò nílò láti forúkọ sílẹ̀ rárá, nítorí ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ni, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí.

Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Ìkòròdú. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí olórí ẹbí, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí nìkan bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbààgbà inú ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. Nítorí náà, ẹ ní kí gbogbo wọn fọwọ́ síwèé, kí ẹ má sì gba risíìtì àjẹ́ńtì nìkan. Kí owó tó jáde, kí lọ́yà yín wádìí ìwé ilẹ̀ náà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba Èkó ní Alausa, kí ó sì gbé ìwé wíwọn rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí ẹni tó ń tà á bá ti ní C of O, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi jẹ́rìí pé ó ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà, Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà.

Bí ẹ kò bá lè wálé, ẹ lè fún ẹnì kan ní ìwé aṣojú, ìyẹn power of attorney. Ẹ fọwọ́ sí i níwájú nótárì tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà, kí kóòtù ilé lè gbà á bí ojúlówó. Ẹ jẹ́ kí ó dárúkọ ilẹ̀ náà àti iṣẹ́ tí ẹ rán an, kí ó sì sọ gbangba pé kò lágbára láti tà á tàbí láti fi yáwó, ì báà jẹ́ àbúrò yín tímọ́tímọ́ ni ẹ yàn.