Margit kò ní kó o tún akọni míì bẹ̀rẹ̀

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní Vagabond, akọni tó ń fi idà àti asà jà, lo mú nínú géèmù Elden Ring, o ti dé ìpele 22, Margit, ọ̀gá ọ̀tá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé olódi Stormveil, ń lé ọ padà láti ọjọ́ mẹ́ta. O wá ń bèèrè bóyá asà àti idà ló dáa ni, àbí idà ńlá ọlọ́wọ́ méjì, àbí kó o pa akọni yẹn tì kó o bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Má bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kì í ṣe idà ló ń pa ọ́.

Wo bó o ṣe ná máàkì rẹ, ẹyọ kan tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń fún ọ. Ìpele 9 ni Vagabond ti ń gbéra, torí náà 13 péré lo tíì rí ná. O fi 5 sí Arcane, 4 sí Dexterity (ìyára ọwọ́), 4 sí Intelligence (ọgbọ́n idán). Vigor rẹ, tó ń pinnu bí ẹ̀mí rẹ ṣe pọ̀ tó, wà ní 15 bó o ṣe bá a, HP rẹ, ìwọ̀n ẹ̀mí náà, sì jẹ́ 522. Pẹ̀lú 522, bí Margit bá fọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ó tán. O ò tiẹ̀ ní ráàyè mu Flask rẹ, ìgò tó ń dá HP padà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wàá kọ́ bó ṣe ń jà. Ìyà yìí jẹ mí dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo. Gbé Vigor dé 25, HP á di 800. Gbé e dé 40, á di 1,450. Àárín 25 sí 40 yẹn ló ti ń sanwó jù, nítorí máàkì kan níbẹ̀ ń mú bíi HP 43 wá, nígbà tó jẹ́ pé láti 15 sí 25, bíi 28 ni. Lẹ́yìn 40 ó máa dínkù, 60 á fún ọ ní 1,900. Kọjá 60, má ṣèyọnu: láti ibẹ̀ dé 99, máàkì 39, 200 péré lo máa rí. Torí náà, ìpele mẹ́wàá tó ń bọ̀ yìí, Vigor ni gbogbo rẹ̀. Má fi ẹyọ kan síbòmíràn.

Mo sì mọ ibi tó o ti kó Arcane yẹn. Àwọn ọ̀gá orí YouTube! Wọ́n á fi idà Rivers of Blood han ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa tú yàà, akọni wọn wà ní ìpele 150, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní sọ pé Mountaintops of the Giants ni idà yẹn wà, lẹ́yìn tó o bá ti la olú ìlú Leyndell kọjá. Ó fẹ́ Strength 12, Dexterity 18, Arcane 20. Ìwọ tó ṣì wà ní Limgrave, agbègbè àkọ́kọ́ géèmù, ti wá ń tọ́jú owó orí ìyàwó tí wọn ò tíì bí. Ohun tí Arcane ń ṣe fún ọ báyìí ò ju pé kí ọ̀tá máa já nǹkan sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Intelligence náà ńkọ́? Ó ti di 13, Astrologer's Staff, ọ̀pá idán, sì ń bèèrè 16. Kò ṣe idán, kò ṣe idà.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú sí láìmọ̀. Ṣí ojú ewé Equipment, wo Equip Load. Bí ẹrù rẹ ò bá tó 30% nínú agbára rẹ, wàá máa yí sá fún ìlù bí ológbò. Láti ibẹ̀ dé 70%, ó ṣì dáa, Med. Load ló máa kọ. Kọjá 70% báyìí, Heavy Load, wàá máa ṣubú lulẹ̀ gbì bí ẹni tó ń gun Òkè Olúmọ pẹ̀lú àpò ìrẹsì ọ̀fadà lórí, Margit á sì ti tún gbé ọ̀pá sókè kó o tó dìde. Gbogbo ohun tó bá wà nínú ihò ohun ìjà ló ń wúwo, kódà bí kò sí lọ́wọ́ rẹ. Tó o bá mú Claymore, tó wúwo 9, tó o sì fi Halberd, tó wúwo 8, sílẹ̀ nínú ihò kejì, ohun tó ń fà ọ́ sẹ́yìn nìyẹn. Yọ ọ́. Ohun tó wà nínú àpò lásán ò ní ìwúwo kankan. Bó bá ṣì kọjá 70%, bọ́ ìbọ̀wọ́ irin sílẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ náà ń kú.

Mímú idà pọ́n: Limgrave Tunnels ní Smithing Stone [1] nínú ògiri, lọ wà á. Ìpọ́n +1 gba òkúta 2, +2 gba 4, +3 gba 6, gbogbo rẹ̀ 12. Tábìlì inú Church of Elleh ń ṣe é dé +3. Kọjá ìyẹn, alágbẹ̀dẹ Hewg ní Roundtable Hold. Claymore tí agbára rẹ̀ jẹ́ 138 á di 162. O ò lè fi máàkì Strength mẹ́ta rí irú èrè yẹn.

Ẹ̀n-ẹ́n, asà tó o bèèrè. Heater Shield tí Vagabond gbé wá ń dí 100% ìlù idà àti ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ìmọ́lẹ̀ tí Margit ń jù, Holy ni, díẹ̀ á wọlé sí ọ lára. Má gbé asà sókè ṣáá. Bó o bá gbé e sókè, Stamina, okun rẹ, kì í tètè padà. Tó bá sì tán lákòókò tó ń lù ọ́, asà á já, ó ti rí ọ pa nìyẹn. Gbà á, kó o sì tẹ ìlù ńlá lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń pè é ní Guard Counter. Ọwọ́ méjì náà dáa. Bó o bá fi ọwọ́ méjì mú ohun ìjà, géèmù máa ka Strength rẹ sí ìlọ́po kan àbọ̀, 14 rẹ di 21. Claymore ń bèèrè Strength 16 àti Dexterity 13, torí náà o lè lò ó lónìí láì fi máàkì kan kún un. Greatsword tó ń wù ọ́ yẹn ń bèèrè 31. Strength 21 lo gbọ́dọ̀ ní kó o tó lè fi ọwọ́ méjì gbé e. Ó dìgbà tí Vigor bá tẹ́ mi lọ́rùn. Claymore wà ní Castle Morne, ìsàlẹ̀ Weeping Peninsula. Mú un kó o gbé asà sẹ́yìn, ojú ẹsẹ̀ lo lè pààrọ̀ wọn, kò sí ẹni tó ní kó o yan ọ̀kan.

Margit fúnra rẹ̀: bó bá gbé ọ̀pá sókè tó dúró, má tíì yí, ìwọ tó máa kánjú yí ló ń dúró dè. Dúró kí apá rẹ̀ máa bọ̀ nílẹ̀. Patches, oníṣòwò kan nínú Murkwater Cave, ń ta Margit's Shackle ní Runes (owó géèmù náà) 5,000, ó máa so ó mọ́lẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ìjà. Pe àwọn ìkookò ẹ̀mí tó ń bá ọ jà náà jáde.

Bó o bá ṣì fẹ́ tún máàkì pín, ṣẹ́gun Rennala, ọ̀gá ọ̀tá inú ilé ẹ̀kọ́ Raya Lucaria, kó o wá fún un ní Larval Tear kan, ohun tó ń gbà kó tó bá ọ tún un pín. Kò pọn dandan kó o pa Margit kó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan yí Stormveil ká lọ sí Liurnia, agbègbè tí Raya Lucaria wà. Larval Tear níye o, má fi ṣeré.

Ó kù kan, torí Aṣerò lo wà, mo sì mọ bí iná ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Kó o tó gbéra lọ bá Margit, wọ AppData, Roaming, EldenRing, fódà tó ní nọ́ńbà Steam rẹ, da ER0000.sl2, fáìlì tó tọ́jú eré rẹ, kọ sórí flash. Bó bá sì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Pánṣẹ́kẹ́ lo ti ń ta á, bẹ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kó ṣí orúkọ tìrẹ fún ọ lórí ẹ̀rọ, nítorí ẹni tó bá jókòó tẹ̀ lé ọ lè fi Runes rẹ kú sínú kànga.