Èsì: Ìdí tí irin ìbàdí Màmá fi yẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní irin tí wọ́n fi to egungun ìbàdí wọn ti lu orí egungun jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ sì ń bi wá bóyá rírìn tí wọ́n tètè rìn ló fà á. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn wí.

Ẹ wo X-ray tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ wọn àyè láti ṣóńṣó bóòtù irin náà, èyí tó wọ inú orí egungun itan, dé góńgó orí egungun yẹn, lórí fọ́tò iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀. Bó bá ju mílímítà 25 lọ, ewu pé yóò yẹ̀ pọ̀ gan-an. Bí wọn ò bá to egungun gún kí wọ́n tó dè é, ìyẹn náà burú. Egungun àgbà sì lè ti fúyẹ́ bíi pákó tí ikán jẹ. Bóòtù wo ló fẹ́ dì í mú?

Ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n kúkú pààrọ̀ oríkèé ìbàdí náà.