Èsì: Ihò wẹ́wẹ́ inú púlì alumíníọ̀mù tó ń kán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní púlì alumíníọ̀mù (àgbá tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ń yí lórí rẹ̀) tí ẹ dà sínú iyanrìn ń kán, ẹ sì bi mí ohun tó fà á. Ihò wẹ́wẹ́ tí ẹ rí nígbà tí ẹ gbé púlì yẹn sórí léètì (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè fá a), gáàsì haidirójìn ló fà á. Alumíníọ̀mù tó ti yọ́ máa ń fa gáàsì yìí mu láti inú ọ̀rinrin. Bó bá wá ń dì, kò lè gbà á mọ́, gáàsì á há sínú rẹ̀. Iyanrìn tí ẹ dà á sí kì í tètè mú ooru kúrò, ìyẹn ni ihò fi ń ráyè tóbi, tí àwọn hóró tó para pọ̀ di alumíníọ̀mù náà sì ń rí ńláńlá. Ibẹ̀ ló ti ń kán.

1. Ẹ kó àlòkù pístìn (alumíníọ̀mù tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì) tí ẹ fẹ́ yọ́ sẹ́bàá iná kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó yọ́ ọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wo èyí: èyí tó bá lómi lára lè bú gbàù síni lójú.
2. Ẹ má jẹ́ kó gbóná kọjá nǹkan bí 750°C. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ló ń mu gáàsì sí i.
3. Ẹ ri irin pẹlẹbẹ tó gbẹ mọ́ inú iyanrìn níbi tí púlì ti nípọn jù, kí ibẹ̀ lè tètè tutù.

Pístìn ni mo ń sọ o, torí sílíkọ́ọ̀nù, èròjà tó ń mú alumíníọ̀mù le, pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ wáyà iná lẹ yọ́, kò sí bó ṣe lè tètè tutù tó tí yóò fi le tó èyí tí a lè fi ṣe púlì.