Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Onímọ̀ Ìlera: Abẹ́rẹ́ Àwọn Ará Ṣáínà fún Ìrora Ìbàdí, Èjìká àti Oríkèé

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yìn ríro nínú ojú ìwé yìí ni àwọn olùkàwé ti ń béèrè nípa acupuncture, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí ara kí ìrora lè dínkù. A yan mẹ́rin nínú ìbéèrè wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ìbàdí ti ń ro mí, bí mo bá sì jókòó pẹ́, àtidìde a di ogun. Ọmọ mi tó wà lókè òkun ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà. Ṣé oògùn wà nínú rẹ̀ ni, àbí ó jọ gbẹ́rẹ́ tí a ń sín nílé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrora, Màmá. Kò sí oògùn nínú abẹ́rẹ́ náà, kò tilẹ̀ ní ihò tí oògùn lè gbà kọjá. Irin tí kì í dógùn-ún ni, èyí tí wọ́n sì sábà ń lò kì í nípọn ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Gbẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, abẹ la fi ń sín in, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ, a ó sì fi ẹ̀tù pa ojú rẹ̀. Acupuncture kì í la awọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì yọ, kì í ju ẹ̀kán kan lọ. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi ife fa ara mọ́ ọn nígbà mìíràn, èyí sì jọ ìwo àwọn onígbàjámọ̀ àti híjámà àwọn Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́, yóò kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ẹ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí yóò sì máa fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn yín títí yóò fi kan ibi tí ẹ ó ti ké. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ashi, Sun Simiao, oníṣègùn Ṣáínà tó gbé ayé ní sẹ́ńtúrì keje, sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Àwọn ojú ibi mìíràn sì wà tí wọ́n ti fi lélẹ̀ fún ìbàdí láti ayébáyé: Shenshu, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ọ̀pá ẹ̀yìn níbi tí ẹ ń ró ìró mọ́, àti Weizhong, tó wà láàrin gbùngbùn ẹ̀yìn orúnkún. Yóò nu awọ, yóò gbé ọ̀pá ike kékeré tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ lé ojú ibẹ̀, yóò sì fi ìka ta orí abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí èèrà bá ta ni.

Lẹ́yìn tí ó bá wọlé ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Yóò yọ ike náà kúrò, yóò máa tì í síwájú, yóò máa fà á sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kí ó máa fi ìka méjì yí i sọ́tùn-ún sósì, títí ẹ ó fi sọ fún un pé ibẹ̀ ti wúwo, tàbí pé ó ń kú tipiri, tàbí pé ìrora kan tí kò mú púpọ̀ ń rìn lọ sí ẹsẹ̀ yín. Àwọn ará Ṣáínà ń pe èyí ní de qi, wọn kì í sì í fẹ́ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó dé. Bí ó bá mú yín lójijì bí iná mànàmáná, ẹ sọ̀rọ̀ kíá, kí ó fà á sẹ́yìn, nítorí ó ṣeé ṣe kó ti kan iṣan ìmọ̀lára. Abẹ́rẹ́ náà yóò wà lára yín fún nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú, ẹ ó sì tún padà wá ní ìgbà bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá kí ẹ tó lè sọ bóyá ó ṣiṣẹ́ fún yín.

Lójú tèmi, abẹ́rẹ́ yìí kò lè tún ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀yìn ṣe. Ìrora ló ń dín kù fún ìgbà díẹ̀. Tí ẹ bá lo àkókò ìtura yẹn láti máa rìn, láti ṣe eré ìdárayá ìbàdí tí wọn yóò kọ́ yín, àti láti pààrọ̀ àpótí kúkurú tí ẹ ń jókòó lé ní ìsọ̀, owó yín kò ṣòfò. Tí ẹ bá padà sórí àpótí náà, ìbàdí á padà máa ro. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń jí yín lóru, tí ibà tàbí rírù ara bá wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan bá ń di aláìlágbára, tàbí tí ẹ kò bá lè ṣàkóso ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mọ́, ẹ má lọ gba abẹ́rẹ́ kankan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, jẹjẹrẹ sì máa ń tàn dé ibẹ̀.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Dókítà mi sọ pé àwọn kì í fi acupuncture tọ́jú ẹ̀yìn ríro mọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ń san owó rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún 67, ní Houston. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́. Ní 2009, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí acupuncture fún ẹ̀yìn ríro. Ní 2016 ó mú un kúrò. Ní 2021 ó tún gbà á láyè fún irú ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan tí wọn kò rí ohun mìíràn tó fà á. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Medicare, ètò ìlera tí ìjọba ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ti ń san owó rẹ̀ fún ìrora ìbàdí tó ti tó ọ̀sẹ̀ 12: ìgbà 12 láàrin ọjọ́ 90, àti mẹ́jọ sí i bí aláìsàn bá ń gbádùn, kí gbogbo rẹ̀ má ju 20 lọ lọ́dún.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi jùlọ. Wọ́n pín àwọn aláìsàn 1,162 tí ẹ̀yìn ń ro sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún àwọn kan ní ojú ibi tí ìmọ̀ Ṣáínà sọ. Wọ́n kàn gún àwọn kejì ní orí awọ, níbi tí kì í ṣe ojú ibi kankan. Wọ́n fún àwọn kẹta ní oògùn àti eré ìdárayá bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àkọ́kọ́ ló ti ní ìtura tó ṣeé kà sí, ìdá 44.2 nínú àwọn kejì, àti ìdá 27.4 péré nínú àwọn kẹta. Ẹni tó bá ń wo àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta yóò sọ pé abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ gidigidi, ẹni tó bá sì ń wo àkọ́kọ́ àti ìkejì yóò sọ pé ojú ibi tí wọ́n gún kò jẹ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ti wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìwádìí 39 pọ̀ ní 2018, tí àwọn aláìsàn inú wọn lé ní 20,000, wọ́n rí i pé abẹ́rẹ́ gidi ju ti àdàmọ̀dì lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré. Nítorí náà, bí ẹ bá lágbára owó rẹ̀, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹ má kàn gba ẹni tó bá ní àfi ojú ibi tí òun nìkan mọ̀ gbọ́.

Ìbéèrè: Awakọ̀ ni mí. Èjìká mi ọ̀tún le gbagidi. Ẹnìkan ní òun yóò gún kókó inú ẹran rẹ̀, ẹlòmíràn ní òun yóò so wáyà iná mọ́ abẹ́rẹ́. Èwo ló dára?

Ìdáhùn: Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní dry needling. Kò bá ìmọ̀ Ṣáínà lọ; ibi tí ẹran ti di kókó ni wọ́n ń wá, tí wọn yóò máa gún un wọlé-jáde títí ẹran náà yóò fi ta pẹ́ú lójijì, ó sì máa ń dùn yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì ń lo iná díẹ̀ láti inú bátìrì; ìwádìí Han Jisheng, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Beijing, fi hàn pé iná tó ń lù lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti èyí tó ń lù nígbà 100 máa ń mú kí ara tú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ oògùn ìrora tirẹ̀ jáde. Ẹni tí ẹ̀rọ bá wà nínú ọkàn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á, ẹni tó bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó kàn mí jù nípa èjìká ni ẹ̀dọ̀fóró, nítorí pé orí rẹ̀ kò jìnnà sí ẹran tó wà láàrin ọrùn àti èjìká. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n tì wọlé jù níbẹ̀ lè dá a lu. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí ẹ kò mí dáadáa lẹ́yìn ìtọ́jú, kódà bí ó bá ti di wákàtí mélòó kan, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ rí i pé ojú yín ni wọ́n ti ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun. Ẹ má sì wakọ̀ lójú ẹsẹ̀, oorun máa ń kun àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: AS ni ẹ̀jẹ̀ èmi àti ọkọ mi, SS ni ti ọmọ wa ọkùnrin, ọdún 19. Ìgbáròkó rẹ̀ òsì ń ro ó, ó sì ti ń tiro. Ṣé kí a gbé e lọ gba acupuncture?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe báyìí. Nínú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan dáadáa mọ́, tí egungun náà yóò fi máa kú díẹ̀díẹ̀, ìgbáròkó ríro àti títiro sì wà lára àmì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lè mú kí ìrora rọlẹ̀ kí orí egungun sì máa wó lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà egungun lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n ya àwòrán ìgbáròkó méjèèjì. Bí X-ray kò bá fi nǹkan hàn, ẹ béèrè MRI, nítorí pé òun ló máa ń tètè rí i. Kí ó tó dìgbà náà, kí ó máa fi ọ̀pá rìn, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó sì fi dì í mú.