Kí ni ìtumọ̀ "A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí"?

Ẹnìkan béèrè ìdí tí àwọn àgbà tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù fi máa ń pa òwe yìí tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọdún 1996.

Orí ló ni fìlà. Ẹni tó bá ń bá orí ẹ̀ jà pé kò gbe òun, tó wá ṣí fìlà, tó lọ dé e mọ́ ìbàdí, ta ló fìyà jẹ? Orí ṣì wà níbi tó wà. Òun tó ń gba àárín ọjà kọjá ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orí inú gan-an sì ni àwọn àgbà ní lọ́kàn: èyí téèyàn ti yàn wá sáyé, ìbínú kò lè pààrọ̀ ẹ̀.

Ó di ti 1996. Lọ́jọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Ogoni, àti ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn. Mandela, ààrẹ Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, fọhùn, kò fi bò rárá, àjọ Commonwealth sì dá Nàìjíríà dúró lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀, ilé Mandela ni Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ fẹ́ wáyé lóṣù kìíní! Ìjọba ní ààbò kò dájú níbẹ̀, Super Eagles kò gbéra mọ́. Àwa la sì ni ife náà lọ́wọ́ láti 1994. Gabon, Liberia àti Zaire nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ìsọ̀rí tiwa. Gúúsù Áfíríkà na Tunisia 2-0, wọ́n gbé ife. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, tún yọ wá kúrò nínú ti 1998. Mandela kò pàdánù nǹkan kan. Ìbàdí wa ni fìlà wà.

Ẹ má fi òwe yìí bú gbogbo ẹni tó bá kọ̀ láti lọ síbi ìdíje o. Nígbà tí Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kúrò ní Òlíńpíìkì Montreal ní 1976, torí pé New Zealand lọ gbá rọ́gíbì ní Gúúsù Áfíríkà tó ṣì wà lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà nígbà náà, orí tó jẹ gbèsè ni wọ́n ń bá wí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olórí Commonwealth ṣe àdéhùn Gleneagles láti dín irú eré bẹ́ẹ̀ kù. Èmi ò rí fìlà ìbàdí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti 1996 yẹn dùn wá. Rashidi Yekini, agbábọ́ọ̀lù wa, ló gbá góòlù jù nínú ìdíje náà ní 1994, márùn-ún. Kò tún gbá nínú ìdíje náà mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì.