Èsì: Ṣé kí n dúró de tẹlifíṣọ̀n Apple?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má dúró. Tí tẹlifíṣọ̀n tó wà nílé yín l'Ókè-Fíà bá ti ní ihò HDMI, ibi tí wọ́n ń ki wáyà àwòrán àti ohùn bọ̀, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó tí ẹ ń tọ́jú de Apple, kí ẹ fi ra àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọn láti fi wo fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti di oní-íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ariwo pé Apple, àwọn tó ń ṣe fóònù iPhone, fẹ́ ṣe tẹlifíṣọ̀n ti pẹ́ nílẹ̀. Apple TV tí wọ́n gbé jáde ní 2007, àpótí lásán ni, kò ní ojú tí èèyàn ń wò. Àwọn oní-fóònù mìíràn ti dán an wò: Xiaomi ní 2013, OnePlus ní 2019. Àmọ́ èrè ibẹ̀ kéré, ẹni tó bá sì ra ọ̀kan kì í tètè pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń wù?

Kí ẹ tó wọkọ̀ lọ ra àpótí náà ní Ọláìyá:

1. Ẹ yí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n síta, ẹ wo ihò pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ HDMI sí. Tó bá jẹ́ ihò róbótó pupa, funfun àti yẹ́lò nìkan ló ní, ẹ máa nílò ẹ̀rọ kékeré mìíràn láàárín wọn, àwòrán rẹ̀ kì í sì í mọ́lẹ̀ kedere.

2. Dátà. Netflix, àwọn tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fúnra wọn sọ pé HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere, lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan. Ẹ yára lọ dín in kù nínú sẹ́tìnnì.

Ti iná, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Páwà báńkì lè gbé irú àpótí kékeré tó rí bí ọ̀pá, kò lè gbé tẹlifíṣọ̀n.