Ẹ Bi Wá: Kí ni agbaninímọ̀ràn fẹ́ sọ tí a kò tíì sọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi kejì, ẹni ọdún 26, wà lára àwọn tó ń kó yanrìn sínú típà ní Ìlọrin. Ó ti ń lo trámádọ̀, oògùn apàrora kan, fún ọdún mẹ́ta kí a tó mọ̀, ọjọ́ tí gìrì sì gbé e ṣánlẹ̀ níwájú ilé nígbà tó wá ṣe Iléyá ni àṣírí tú. Àwọn bàbá rẹ̀ pè é jókòó, Alfa wá, ó di Àlùkùránì mú, ó sì búra. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni mo rí sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan nínú bàtà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní kí a mú un lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n gbogbo wa pátá la ti gbà á nímọ̀ràn. Kí ni àjèjì fẹ́ sọ fún un tí ìyá tó bí i kò tíì sọ? Àbúrò bàbá rẹ̀ ní ilé kan wà tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, pé ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. (Ìyá kan, Òmù-Àrán)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú ọ̀rọ̀ ọmọ. Èmi náà ti bi ara mi ní ìbéèrè yín yìí rí, kí n tó mọ ìdí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn, kò sí ohun kan tí yóò sọ tí ẹ̀yin kò ti sọ tán, nítorí ọmọ yín mọ̀ pé trámádọ̀ kò dára. Òun kúkú ni gìrì gbé ṣánlẹ̀. Ẹ ro ìpàdé ẹbí yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde níbẹ̀. Bó bá ju "mo ti gbọ́" àti "ẹ forí jì mí" lọ, ìpàdé yín sàn ju púpọ̀ nínú èyí tí èmi ti jókòó sí lọ. Ohun tí agbaninímọ̀ràn ń ṣe gan-an ni pé ó ń jẹ́ kí ẹni tí gbogbo ayé ti bá sọ̀rọ̀ rí ibi tí òun náà yóò ti sọ tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ ọmọ yín jókòó síwájú mi nígbà kan, ó ń fi èékánná bó bébà ara ike omi, kò sì wo ojú mi. Ìjókòó wa kejì nìyẹn. Mo bi í pé kí ni oògùn náà ń ṣe fún un. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mà, ohun tó ń bà jẹ́ ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí." Ó wá ṣàlàyé pé tẹ́lẹ̀, bí òun bá ti kó típà méjì, ẹ̀yìn òun kò ní gbà á mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbé hóró kan mì, òun kó mẹ́rin lọ́jọ́ náà, kò sì rẹ òun. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, hóró kan kò ṣe nǹkan kan mọ́, ó di mẹ́ta, ó di márùn-ún. "Mi ò gbádùn rẹ̀ mọ́, mà. Mò ń fi í dìde lórí ibùsùn ni." Mo ní kó bá mi ṣírò iye tó ń ná lé e lórí lóòjọ́. Ó ń fi ọmọ ìka kà á, ó dé ibì kan, ó dákẹ́, ó sì gbé ike omi náà sílẹ̀. Èmi kò sọ nǹkan kan. Owó tó kà yẹn ló bá a sọ ohun tí ẹnu àgbà mẹ́wàá kò lè bá a sọ, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kà á. William Miller, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọ̀nà yìí ní 1983 nípa àwọn tí ọtí ti di bárakú fún: bí a bá ń tẹnu mọ́ ọn fún ènìyàn pé kó yí padà, yóò máa wá àwíjàre, ṣùgbọ́n bí ìdí ìyípadà bá ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde, yóò ṣòro fún un láti bá ara rẹ̀ jiyàn.

Ọ̀rọ̀ ìbúra yẹn ńkọ́? N kò gbà pé irọ́ ni ọmọ yín pa lọ́jọ́ tó di Àlùkùránì mú. Trámádọ̀ àti mọ́fíìnì, oògùn apàrora tó le gan-an, jẹ́ ẹbí kan náà, ara tó bá sì ti mọ́ wọn lára kì í jẹ́ kí wọ́n lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, imú á ti máa ṣomi, òógùn á bo ènìyàn, inú á ṣí, egungun á máa ro ó, kò ní lè sùn, ẹ̀rù tí kò nídìí á sì máa bà á. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àìrí-oorun-sùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sí i. Tọkàntọkàn ni ó fi búra. Ara rẹ̀ ni kò bá a búra.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ rí i, pàápàá nítorí gìrì yẹn. Hóró miligíráàmù 50 àti 100 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí, 400 sì ni òpin tí dókítà ń fún àgbàlagbà lóòjọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní ìgboro máa ń jẹ́ 200, 225 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú hóró kan ṣoṣo. Bí ènìyàn bá gbé púpọ̀ mì, ó lè fa gìrì fún ẹni tí wárápá kò ṣe rí. Ẹ má ṣe tì í mọ́lé kí ẹ ní kó jáwọ́ lójijì. Dókítà lè máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì ń fi ògógóró tàbí oògùn oorun lé e, ewu inú jíjáwọ́ lójijì tún pọ̀ sí i, nítorí pé ó lè la ẹ̀mí lọ. UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ìlọrin tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, ní àwọn dókítà ọpọlọ, àwọn agbaninímọ̀ràn sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ óò wà lórí ìjókòó ibẹ̀: ìwádìí 2018 tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ṣe lórí Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ló lo irú trámádọ̀, kódín àti mọ́fíìnì láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ilé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ bá mi kí àbúrò bàbá rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé mo ní rárá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn tó ju 300 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní Rigasa, ní Kàdúná, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn àti àpá ẹgba lẹ́yìn wọn. Ẹni tí wọ́n bá dè fún oṣù mẹ́ta yóò jáde láìlo oògùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ẹ̀yìn àti ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọkàn rẹ̀ ṣì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ìtìjú nìkan la bá fi kún un. Àwa Yorùbá kúkú ní àwòkọ́ṣe tó dára ju ìyẹn lọ: ní 1954, Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ kan, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, Abẹ́òkúta, nínú èyí tí aláìsàn ń gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, tí ó sì ń lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ìbátan náà wà lára ìtọ́jú. Ipò tí mo fẹ́ kí ẹ wà nìyẹn.

Ẹ má ṣe bá a jà nígbà tí oògùn bá wà lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di òwúrọ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá a san gbèsè fún àwọn tó ń ta oògùn fún un. Ẹ má sì retí pé agbaninímọ̀ràn yóò máa ròyìn fún yín. Èyí máa ń dun àwọn ìyá gan-an, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òun ti dé Òmù-Àrán kí òun tó wọkọ̀ kọjá Àjàsẹ́-Ìpo, kò ní sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí a lè ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀ ni ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Bí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ayé sú òun, ẹ bi í ní tààràtà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò bẹ́ẹ̀ síni lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Alfa lè máa bá àdúrà lọ. Àdúrà àti ìtọ́jú kì í bá ara wọn jà.

Ìbéèrè: Omi ikọ́ oníkódín ni mo ń mu tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin de ṣíṣe rẹ̀ ní 2018, mo bọ́ sórí trámádọ̀. Mo ti gba ìtọ́jú, ó sì di oṣù mẹ́ta tí n kò ti fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá ní àdúgbò kan, itọ́ á máa dà lẹ́nu mi. Ìyàwó mi ń gbóòórùn ẹnu mi ní alaalẹ́, ó sì ń ka ṣéńjì mi. Ṣé mi ò tíì sàn ni? (Bàbá Ìbejì, Tánkẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ ti ń sàn. Itọ́ tó ń dà yẹn kì í ṣe àmì pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́. Ọpọlọ ló ṣì rántí ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ rí mọ̀ pé ebi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ máa ń le, ṣùgbọ́n bí a kò bá jẹun, á tún rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bákan náà ni òùngbẹ oògùn rí: lọ́pọ̀ ìgbà kì í kọjá ìdajì wákàtí. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé, kí ẹ sì ní ẹnì kan tí ẹ óò pè lórí fóònù ní ìdajì wákàtí yẹn. Bí ẹni náà bá ti gba irú ọ̀nà yín kọjá rí, ó dára jù. Ní 1935, ọ̀mùtí méjì ní ìlú Akron, ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí àwọn bá ń bá ara àwọn sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa mutí nínú àwọn, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìyàwó yín dání lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn. Òun náà ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan sọ́rí láàárín ọ̀sẹ̀ tí yóò máa béèrè gbogbo ohun tó bá fẹ́ béèrè, tí ẹ̀yin yóò sì dáhùn, kí ẹnu yín lè sinmi ní alẹ́ tó kù.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ láìfi bò. Ara yín kò lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ẹ sì gbé iye àná mì, èémí lè dúró lójú oorun; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ti jáwọ́ ṣe ń kú. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín mọ èyí, kó lè gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn dípò kó máa bínú. Ẹ pe ẹni tó tọ́jú yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ yọ̀ kò pa oṣù mẹ́ta rẹ́.

Ìbéèrè: Bí mo bá lọ sọ pé mò ń lo oògùn, ṣé NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, kò ní mú mi? (Ọmọ Sábó-Òkè)

Ìdáhùn: NDLEA fúnra wọn ní àwọn agbaninímọ̀ràn, wọ́n sì ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan fún àwọn tó ń wá ìrànwọ́, 0800 1020 3040. Bí ẹ̀rù wọn bá ṣì ń bà ọ́, dókítà ni kó o kọ́kọ́ lọ bá. Ṣáà má ṣe kó ẹrù náà sápò lọ.